Òpó Mélòó Ni Mítà Méjì Méjì?

"Ẹ bá wa ri òpó mọ́lẹ̀ ní mítà méjì, sà." Ohun tí ọmọ àbúrò mi sọ fún bàbá káfíńtà kan ní Òde Mahin, ìlú Amapetu, nìyẹn. Bàbá náà wò ó, ó wo ìtí igi tó wà nílẹ̀, ó ní, "Gbogbo òpó yìí, ọmọ mi, lórí mítà méjì?"

Iṣẹ́ ẹnjinníà ni ọmọ náà ń kọ́. Ó ti fi FreeCAD ya afárá onípákó kan sórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí ẹni tó bá ti rìn ní Ayétòrò mọ̀ dáadáa: mítà 24, láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Àlàfo mítà méjì láàárín òpó kan sí èkejì ló ní lọ́kàn. "Ní mítà méjì méjì" ni à bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe ẹwà èdè lásán la fi ń pe méjì lẹ́ẹ̀mejì. "Fún wọn ní ẹja méjì" lè jẹ́ ẹja méjì péré fún odindi agboolé. "Fún wọn ní ẹja méjì méjì", kálukú ti gba tirẹ̀ nìyẹn. "Fún wọn ní ẹja méjèèjì" tún yàtọ̀: ẹja méjì kan wà tí a jọ mọ̀, kò sì gbọdọ̀ ku ọ̀kan. Mo ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi "méjèèjì" rọ́pò "méjì méjì". Etí mi kì í gbà á.

Iye òpó ló wá kàn. Ọmọ yìí fi 2 pín 24, ó rí 12, ó tẹ 12 sínú ẹ̀rọ. FreeCAD mú gígùn mítà 24 tó fún un, ó gbé òpó èkíní sí ìbẹ̀rẹ̀, ó gbé èkejìlá sí òpin, ó sì pín àwọn tó kù sáàárín ní ọgbọọgba. Ni àlàfo bá di mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 18. Pákó mítà méjì tí wọ́n ti gé sílẹ̀ kò ní kan òpó. Àlàfo ló jẹ́ 12. Òpó gbọ́dọ̀ jẹ́ 13 ní apá kọ̀ọ̀kan, torí pé ẹ̀rọ náà ń ka òpó àkọ́kọ́, èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ yà, mọ́ ọn.

Ó yà mí lẹ́nu pé ọmọ Yorùbá ló ṣi èyí kà. Kí là ń pè ní ìjẹta? Òní, ọ̀kan, àná, méjì, ìjẹta, mẹ́ta. A ka òní mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ méjì péré la fi dé ibẹ̀. Ìjẹrin náà kò yàtọ̀. Ọjà tí à ń ná ní ọrọọrún, ìṣísẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Òpó là ń kà, a kì í ka àlàfo. Ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kà ló ń kà.

Ohun tó bá yí po nìkan ni kò gba ìṣirò yìí. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó bá ní ewé mẹ́ta, àlàfo mẹ́ta náà ló ní, torí pé ẹ̀kẹta ti yí padà wá di aládùúgbò èkíní.

Títò ni ẹ̀rọ ń to àwọn òpó yìí; ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí "tò". Ohùn ìsàlẹ̀ ló ni ín, àmọ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ó di ohùn àárín: "to òpó", "to ìgò", ṣùgbọ́n "tò ó", "tò wọ́n". Bẹ́ẹ̀ náà ni "tọ̀": "tọ ipasẹ̀ bàbá rẹ̀", ṣùgbọ́n "tọ̀ ọ́ lẹ́yìn". Níbi tí afárá bá ti ń bá etí omi wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lọ, bí o bá kàn to òpó, ìlà gbọọrọ ni ẹ̀rọ yóò gbà, á sì kó ìdajì wọn sínú odò. Kí òpó tọ etí omi lo fẹ́. Bọ́tìnì mìíràn ló ni ìyẹn.

Ní apá òsì afárá, igi kan fẹ̀yìn ti òpó kọ̀ọ̀kan láti ìta. Ọmọ náà ṣe ẹ̀dà wọn sí apá ọ̀tún, ni gbogbo igi apá ọ̀tún bá bọ́ sábẹ́ afárá. Bẹ́ẹ̀, ká ní bàtà ni, kò ní ṣì í. Bí mo bá ní kó mú èkejì bàtà mi wá, kò ní mú bàtà mìíràn wá fún mi. Ẹ̀dà bàtà òsì, òsì náà ni. Èkejì rẹ̀ ló ń kọjú sí i bí ojú tó ń wo díńgí.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, bàbá káfíńtà ké sí wa. Kùkùté kan wà nísàlẹ̀ ẹrẹ̀ lápá òsì, òpó kan kò sì lè wọlẹ̀ níbẹ̀.

"Èwo ni, sà?"

"Èkeje."

Ọmọ náà ti ṣí kọ̀ǹpútà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èkeje láti ibo? Láti ilé ni, àbí láti odò?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ka á láti ibi tó bá wù ọ́."