Níti Bíríkìlà tí ó Ṣe Iṣẹ́ Àbùkù

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́lé, ẹ jẹ́ kí á jọ gbé ọ̀ràn kan yẹ̀wò.

Opó kan ń kọ́lé ní Onígbòǹgbò wa níhìn-ín. Ní ọjọ́ tí a tú pákó kúrò lára òpó méjì, ó rí i pé kọnkéré náà lu ihò bí afárá oyin, irin sì yọ síta. Ó pe bíríkìlà.

“Ọ̀gá, kí ni èyí?”

“Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Bí a bá ti rẹ́ ẹ tán, ẹnikẹ́ni kì yóò rí i mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó yẹ kí ó dẹ́rù ba onílé. Ihò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà. Kọnkéré tí a kò gún dáradára nígbà tí a ń dà á ni ó sábà máa ń fà á. Omi a gba ibẹ̀ dé ara irin, irin a dípẹtà, òpó a sì di aláìlágbára. Ẹni tí ó bá rẹ́ ẹ fi aṣọ bo egbò ni.

Màmá kò jà, kò sì ṣépè. Ó dá iṣẹ́ dúró, ó ya àwòrán àwọn òpó náà, ó kọ̀wé sí bíríkìlà, ó sì fi ọjọ́ sí i. Ó pe ẹnjiníà tí kò bá bíríkìlà ṣe pọ̀ rí. Owó tí ó kù kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti san gbogbo owó tán, ẹ̀bẹ̀ nìkan li ó kù fún un. Nígbà tí bíríkìlà kọ̀, wọ́n lọ sí ilé-iṣẹ́ ìlàjà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, níbi tí a kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni. Níwọ̀n bí a kò tíì gbé ohunkóhun lé àwọn òpó náà, bíríkìlà wó wọn, ó sì tún wọn dà ní owó ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ni ó ra irin tuntun, ó sì san owó ilé oṣù méjì sí i níbi tí ó háyà.

Iye náà kéré. Ẹ rántí ilé alájà 21 tí ó wó ní òpópónà Gerrard, Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Àwọn tí ó kú ju 40 lọ, ẹni tí ń kọ́ ọ sì wà nínú wọn. Àwọn ẹnjiníà kan ti kọ̀wé ní oṣù kejì ọdún 2020 pé àwọn yọ ọwọ́ nínú iṣẹ́ náà, àti pé títí dé àjà kẹrin nìkan ni àwọn lè fọwọ́ sọ̀yà. Iṣẹ́ kò dúró.

Àwa onílé pẹ̀lú kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí: a ó na owó iṣẹ́ wálẹ̀ títí bíríkìlà yóò fi wá èrè rẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá ń da òpó. Ẹ ka àpò sìmẹ́ńtì fúnra yín, kí ẹ má sì san owó ìpele kan kí ẹ tó rí i ní ìhòòhò.