Àròkọ Aṣàlàyé: Ṣáńpù fún Ọmọ-ọwọ́

Àròkọ aṣàlàyé ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ìmọ̀ àti làákàyè rẹ̀ hàn nípa ohun tí wọ́n ní kí ó ṣàlàyé. Kì í ṣe ìtàn, kì í sì í ṣe àpèjúwe lásán. Nígbà tí ẹni tó ń kà á bá kà á tán, ó gbọ́dọ̀ lè sọ bí nǹkan náà ti rí, bí a ti ń ṣe é, àti ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nínú ìwé àwọn ọmọ ni pé wọ́n á to ohun èlò sílẹ̀ bí ẹni tó ń ka ẹrù ọjà, wọn kò sì ní sọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Bí o bá kọ ọ́ pé 'a ó da eléyìí sí i, a ó da tọ̀hún sí i', tí o kò sọ ìdí rẹ̀, o kò tíì ṣàlàyé nǹkan kan.

Orí-ọ̀rọ̀: Obìnrin kan ní àdúgbò yín fẹ́ máa ṣe ṣáńpù ọmọ-ọwọ́ fún títà ní agbègbè Ọjà Àlàbá. Ṣàlàyé bí a ṣe lè ṣe é tí kò fi ní pa ọmọ lára.

Kí o tó kọ ohunkóhun, wo ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjà Àlàbá tí wọ́n dárúkọ lè tan ọ́ jẹ. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n mọ́ rédíò, tẹlifísàn àti fíríìjì, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á sì fi odindi ojú ewé kan ròyìn ariwo ọjà àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ láti Òjó dé Ọkọ́kọmáíkò. Kò sí máàkì fún ìyẹn. Gbólóhùn tó ru ìbéèrè náà ni 'tí kò fi ní pa ọmọ lára'. Òun ni kí o dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Má sì bẹ̀rù ọ̀rọ̀ àjèjì: bí nǹkan kò bá ní orúkọ ní èdè wa, pè é bí àwọn tó ń tà á ti ń pè é, kí o sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Àròkọ Náà

Kí ṣáńpù tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn ìyá wa ti ń fọ orí ọmọ. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń lò. Wọ́n á sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú, wọ́n á da omi sí eérú náà kí ó lè sẹ́, wọ́n á sì fi omi náà se àdín títí yóò fi di ọṣẹ. Ọṣẹ náà ń fọ nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ó le. Àwọn ìyá àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé orí ọmọ sẹ́yìn lórí ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan bo iwájú orí rẹ̀ kí ìfófòó má baà ṣàn sí i lójú, tí wọ́n sì ń fi òrí tàbí àdín pa á lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ìyá àgbà ń ṣe nígbà náà ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe ṣáńpù ọmọ gbọ́dọ̀ fi ìmọ̀ ṣe sínú ìgò.

Awọ ọmọ-ọwọ́ fẹ́lẹ́ ju ti àgbà lọ, omi ara rẹ̀ a sì máa tètè gbẹ. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH, láti 0 dé 14. Ohun kíkan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, wà nísàlẹ̀ 7. Omi gidi wà ní 7. Omi eérú àti kọ́síìkì sódà wà lókè pátápátá. Awọ àgbà wà ní nǹkan bí 5.5. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ, awọ tirẹ̀ a máa sún mọ́ 7, a sì máa kan díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Kíkan yìí ni ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kòkòrò àrùn. Ọṣẹ tí pH rẹ̀ jẹ́ 9 tàbí 10, bí ọṣẹ dúdú, ń ba ààbò yìí jẹ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá fi wẹ ọmọ.

Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ olómi ní Èkó mọ Texapon dáadáa. Ó ki, ó funfun, ó sì ń hó púpọ̀. Ó dára fún fífọ abọ́, àgbà náà sì lè fi fọ orí. Ṣùgbọ́n bí òun nìkan bá ni a fi ṣe ṣáńpù ọmọ, yóò fọ ọ̀rá inú awọ ọmọ náà lọ, awọ á gbẹ, á sì máa yún un. Ti sulphonic acid tí wọ́n ń fi kọ́síìkì sódà pa burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ kan orí ọmọ rárá. Àwọn méjì tó rọ̀ ni decyl glucoside, tí wọ́n ń fi ṣúgà àti ọ̀rá bí epo àgbọn ṣe, àti cocamidopropyl betaine, tí òun náà ń ti ara epo àgbọn wá. Bí betaine bá pàdé èyí tó le jù ú lọ nínú omi, àwọn méjèèjì á so mọ́ ara wọn di òṣùṣù ńlá tí kò rọrùn fún láti wọ inú awọ. Wọn kì í hó tó Texapon. Oníbàárà lè ráhùn nítorí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí kò bá hó kò mọ́. Kí ẹni tó ń tà á fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn.

Fún kìlógíráàmù kan, omi yóò jẹ́ gíráàmù 757, decyl glucoside 120, betaine 80, glycerine 30, xanthan gum tó ń mú un ki 5, sodium benzoate 5, àti potassium sorbate 3. Òṣùwọ̀n ni kí a fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe agolo mílíìkì tàbí ìdérí ìgò. Omi tí a gbé gba ooru, tí ooru náà tún di omi, ló yẹ kí a lò, nítorí pé bí a bá se omi kànga pàápàá, irin àti iyọ̀ inú rẹ̀ kò ní lọ. Kí a má sì lọ ra omi bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n ń rọ sínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí ásíìdì bátìrì lè wà nínú irú ìgò kan náà. A ó kọ́kọ́ po xanthan gum mọ́ glycerine kí a tó dà á sínú omi. Bí a bá da gbígbẹ sínú omi, yóò di kókó bí àmàlà tí a kò rò dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni a ó da sodium benzoate àti potassium sorbate sí i, kí wọ́n yòrò tán, kí a tó da àwọn méjì tó ń hó sí i, kí a sì máa rò ó jẹ́jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Decyl glucoside rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tà á, pH rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12. Ẹni tó bá pò ó tán tó sì rọ ọ́ sínú ìgò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ti fi ohun tó rọ̀ ṣe ohun tó le ju ọṣẹ dúdú lọ. A gbọ́dọ̀ yo citric acid nínú omi díẹ̀, kí a máa kán an sí i, kí a máa fi bébà pH wò ó, títí yóò fi wá sí 5 tàbí kí ó lé díẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún ìdí kejì: sodium benzoate tí kì í jẹ́ kí ṣáńpù bàjẹ́ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí pH bá ga. Ṣáńpù tí a kò kán citric acid sí yóò le, yóò sì tún bàjẹ́, kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á wá wọ ojú ọmọ.

Ẹnì kan lè bi wá pé omijé ń kọ́, ṣebí pH tirẹ̀ ju 7 lọ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí awọ fẹ́ àti ohun tí ojú fẹ́ kò dọ́gba. Ṣáńpù Johnson's tó gbòde láàrin ọdún 1950 sí 1960 ló sọ ṣáńpù tí kì í ta lójú di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn kan gbà pé oògùn tó ń mú ojú kú ni wọ́n fi sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn ohun tó ń hó tó sì rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti pa ṣáńpù mọ́ kí ó má bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ náà, bíi ti ọ̀pọ̀ mìíràn, ń lo ohun kan tó ń tú formaldehyde jáde díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2004, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka formaldehyde mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2014, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti pariwo, ilé-iṣẹ́ náà ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ọjà ọmọ-ọwọ́ rẹ̀. Formaldehyde kan náà ló wà nínú formalin tí àwọn kan ń kán sínú ọṣẹ olómi níbí. Nítorí náà, ó sàn kí a fara mọ́ pH tó kan díẹ̀, kí a fi betaine dín títa kù, ju kí a wá formalin lọ.

Glycerine tí mo dárúkọ lókè kò léwu fúnra rẹ̀. Ibi tí a ti rà á ni ewu wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, àwọn ọmọ-ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú nílẹ̀ wa lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn eyín kan tí ń jẹ́ My Pikin. Kíndìnrín wọn ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn tó ṣe oògùn náà rò pé propylene glycol ni wọ́n rà ní ọjà Èkó. Diethylene glycol, tó jẹ́ májèlé, ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ju 80 lọ ló bá a lọ. Diethylene glycol mọ́ gaara, ó ki, ó sì dùn lẹ́nu, bíi glycerine gẹ́lẹ́. Ojú tàbí ahọ́n kò lè mọ ìyàtọ̀. A kì í mu ṣáńpù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ọmọ-ọwọ́ a máa fi gbogbo nǹkan sẹ́nu? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìwé àyẹ̀wò lórí ọjà rẹ̀ ni kí a ti rà á, nínú ike tí wọn kò tíì ṣí. Kí a má ra èyí tí wọ́n ń já sínú ìgò omi fún oníbàárà.

Kí ó tó dé ọjà, kí ẹni tó ṣe é kọ́kọ́ fi pa ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀ nínú, kí ó sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá kòkòrò ń hù nínú rẹ̀. NAFDAC, tí ìjọba fi Òfin 15 ti ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń bójú tó ohun ìpara àti ọṣẹ. Wọ́n á wá wo ibi tí a ti ń ṣe é kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà, nítorí náà ilé ìdáná kò lè tó. Owó àti sùúrù ni yóò ná an. Títí yóò fi gba nọ́ńbà náà, kí ó má tíì pàtẹ ìgò kankan fún títà.

Àkíyèsí

Wo ìpínrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà'. Kò gùn, ṣùgbọ́n òun ló ru àròkọ náà, nítorí ó fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó lè yí iṣẹ́ rere padà sí ibi. Àwọn nọ́ńbà pọ̀ ní ìpínrọ̀ tó ṣáájú rẹ̀; bí kò bá dá ọ lójú, fi nọ́ńbà sílẹ̀, má parọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn My Pikin lè dà bí ẹni pé ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n glycerine ló mú un wọlé. Ẹni tó bá mú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wá láìsí ohun tó so ó mọ́ ọ̀rọ̀ yóò pàdánù máàkì.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Yọ gbogbo gbólóhùn tó sọ ìdí kúrò nínú ìpínrọ̀ kẹta àròkọ yìí, kí o sì tún un kà. Kí ló kù?
2. Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) Bí a ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú ní ìlú wa, (b) Ìdí tí a fi ń kọ ọjọ́ tí nǹkan yóò bàjẹ́ sára ìgò, (d) Bí ìyá ṣe lè mọ ọjà ọmọ-ọwọ́ tí kò yẹ kí ó rà.