Igbá Tí Onírèsé Fín, Ta Ló Ń Tọ́jú Rẹ̀?

Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò ní parun. Agbára káká ni a fi ń sin òkú àgbà láti Pòbẹ́ dé Ṣakẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin kí ẹnì kan má pa òwe yìí, ó sì ti di ohun tí a fi ń bo àìmọ̀kan wa mọ́lẹ̀. Ẹ wo ìsìnkú sójà àtijọ́ ní Onígbólò tàbí ní abúlé Ọ̀họ̀rí èyíkéyìí. Wọ́n á ní bàbá fẹ́ràn aya, wọ́n á ní ó tọ́ ọmọ yanjú, wọ́n á ní ó bá Faransé jagun. Ogun wo? Ọdún wo? Ilẹ̀ ta ni? Àwọn ọmọ á máa wojú ara wọn. Aṣọ ẹbí ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n ti pa màlúù, ṣùgbọ́n wọn kò lè dárúkọ ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí bàbá ní lójú ogun. Ó ń bí ni nínú, torí owó itan màlúù yẹn nìkan tó ra ìwé àjákọ tó máa gba ìtàn ìran mẹ́ta.

Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ sójà Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n gbé e lọ sí Burma láti máa tọ́jú àwọn tó fara pa. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ya lù wọ́n létí odò Kaladan. Ọta ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, òun àti David Kagbo, ọmọ Sàró, ló ṣẹ́kù sínú igbó. Mùsùlùmí kan níbẹ̀, Shuyiman, ló fi wọ́n pa mọ́ tó ń bọ́ wọn títí di oṣù kejìlá, bẹ́ẹ̀ bí àwọn Japan bá gbọ́, tòun tìdílé rẹ̀ ló máa bá a lọ. Fádóyèbọ̀ padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó sì tọ́ wọn. Òun náà ì bá di "bàbá rere" lásán lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nídìí òkú. Àmọ́ ó jókòó, ó kọ ọ́, ìwé náà sì jáde ní 1999. Ipasẹ̀ ìwé yẹn ni oníròyìn Barnaby Phillips tọ̀ dé Burma tó fi rí ẹbí Shuyiman, tó sì jíṣẹ́ ọpẹ́ bàbá fún wọn lẹ́yìn ọdún tó lé ní ọgọ́ta. Bàbá kú ní 2012.

Òwe yẹn kò pé, nígbà náà. Igbá fínfín máa ń parun bí a kò bá gbé e kọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn pa àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tó ti ẹ̀wọ̀n Jámánì dé, torí wọ́n béèrè owó iṣẹ́ wọn. Faransé ní 35 ló kú, ọ̀pọ̀ òpìtàn ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tó di 2024 tí ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í bọlá fún wọn bí akọni tó kú fún ilẹ̀ rẹ̀, ènìyàn mẹ́fà péré ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Ti owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tó bá Faransé jagun kò yàtọ̀: òfin Faransé ti 1959 dá a dúró sójú kan, owó ẹgbẹ́ wọn tó jẹ́ Faransé ń gòkè, tiwọn ń jókòó, kò sì dọ́gba tán títí di 2011. Ẹni tí ikán ti jẹ ìwé ológun rẹ̀, kí ni yóò fi jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀?

Àwọn kan á ní bàbá fúnra rẹ̀ kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ogun. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí a fipá bi í nípa ẹni tó pa. Ẹ bi í ní orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀, oúnjẹ tí wọ́n jẹ, àti ọ̀rẹ́ tó sùn tì í. Àtakò tó lágbára jù wá láti ẹnu àwọn Ọ̀họ̀rí fúnra wọn: kí la fẹ́ máa yin ẹni tó gbé ìbọn Faransé sí, nígbà tí àwọn baba wa kọjú ìjà sí Faransé lákòókò ogun àgbáyé àkọ́kọ́, tí ọ̀pọ̀ sì sá wọ Nàìjíríà kí wọ́n má baà kó wọn lọ sógun? Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú ti kọ ìtàn ìsáwọ̀lú yìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ ìtàn kì í ṣe yíyin ènìyàn. Nígbà mìíràn, ilé kan náà ni ẹni tó sá àti ẹni tó lọ ti jáde, bí a bá sì pa ti ọ̀kan rẹ́, ti èkejì kò ní yé ọmọ ọmọ wọn.

Ogun Algeria, tí àwọn bàbá wa kan bá Faransé lọ, parí ní 1962. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní ọgọ́rin. Ẹ̀yin tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ ṣì ń jókòó lójúde yín, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ya àwòrán gbogbo ojú ewé ìwé ológun rẹ̀, kí ẹ sì fún ẹni méjì ní ẹ̀dà rẹ̀, ọ̀kan nílé, ọ̀kan ní Kútọnu.