Jáde Nílé, Àbẹ̀ní: Òjò Ti Ń Palẹ̀ Mọ́ Ní Ifẹ̀

Àbẹ̀ní, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ wà. Ìyá rẹ sọ fún mi pé gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ lo fi ń dùbúlẹ̀ sínú yàrá. Bí o bá sì la ẹnu, o máa ń ní Ifẹ̀ kò ní ibi ìgbafẹ́, pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń jayé, tí wọ́n ń ya fọ́tò lábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ ti pọ́n. Inú mi kò dùn sí i rárá. Kí Ọlọ́run bá wọn fayọ̀ sí i. Òtútù ló ń wọlé bọ̀ wá bá wọn, ojúmọ́ wọn ń kúrú, wọ́n ń gbádùn èyí tó kù. Ìwọ náà ní àsìkò tìrẹ. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kọkànlá, òjò ń palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ kò tíì dé, eruku kò tíì gba ojú ọ̀nà, iṣu tuntun sì kún ọjà. Ta ló ní kí o fi irú àsìkò báyìí sùn?

Ọ̀rọ̀ ọdún Ọlọ́jọ́ ló dùn mí jù. Wọ́n ní orí fóònù lo ti wò ó. Ìwọ ọmọ Ifẹ̀! Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni Ọọ̀ni ń dé adé Arẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, Kábíyèsí á ti wọlé jókòó fún ọjọ́ mélòó kan, wọn á yẹra fún ìgbádùn, wọn á máa gbàdúrà fún gbogbo wa. Àwọn obìnrin láti ìdílé bàbá wọn àti ti ìyá wọn á gbálẹ̀ ààfin, kí ibi lè bá pàǹtí jáde. Lẹ́yìn náà ni Ọọ̀ni á yọ tòun ti adé, tí àwọn ìjòyè àti àwòrò á tẹ̀ lé wọn lọ sí ojúbọ Ògún ní Òkè Mògún. Fóònù lè fi adé hàn ọ́, kò lè fi bí ìlù ṣe ń wọni lára hàn ọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi àti ìwọ la jọ máa dúró ní Ẹnúwá, níbi ààfin, láti àárọ̀ kùtù. Má wá àwáwí.

Sátidé yìí ńkọ́? Wọ kọ̀rọ̀pẹ́ ní Lágere, kí o sọ̀ ní Ẹnúwá. Ilé musíọ́mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ti wà níbẹ̀ láti 1954. Wọlé, fara balẹ̀ wo àwọn orí amọ̀ yẹn, wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Ní 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin níbẹ̀, ni ọkọ́ wọn kan àwọn orí idẹ nínú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, tí èèyàn ń ti gbogbo ayé wá wò ó. Àwọn ọ̀rẹ́ tí o ń ṣe ìlara wọn yẹn lè wọkọ̀ lọ wò ó nígbàkigbà. Ìwọ tí o ń gbé ìlú tí wọ́n ti wú u, o ò mọ ọ̀nà agboolé náà! Ó yẹ kí ìyẹn ká ọ lára.

Láti Ẹnúwá, ẹsẹ̀ ni kí o fi rìn dé Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, má gun ọ̀kadà. Òkúta ni, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18. Sún mọ́ ọn dáadáa, wàá rí àwọn ìṣó irin tí wọ́n gbá mọ́ ọn lára. Òkúta líle bẹ́ẹ̀, tí èèyàn lu ihò sí láyé ìjọ́un, tí kò sì fọ́! Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ bí Ọ̀rànmíyàn ṣe dé Ìbìní, tó tún lọ tẹ Ọ̀yọ́ dó. Kúnlẹ̀ kí wọn kí o tó béèrè o.

Kí o tún dé ibi ère Mọrèmi, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Obìnrin yẹn jẹ́ kí àwọn ará Ùgbò, tó ń kógun ja Ifẹ̀, mú òun lẹ́rú, kó lè mọ àṣírí wọn. Ìko ni wọ́n fi ń bora wá jà, àwọn ará Ifẹ̀ sì rò pé iwin ni. Nígbà tó sá padà wálé, ó ní kí àwọn ará Ifẹ̀ fi iná ògùṣọ̀ pàdé wọn, ogun sì tán. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúorogbo, ló fi san ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún odò Èsìnmìrìn. Ọdún Edì tó ń tẹ̀ lé Ọlọ́jọ́, nítorí rẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Orúkọ rẹ̀ náà ló wà lára ilé tí o gbé nígbà tí o wà ní Yunifásítì níbí.

Yunifásítì yẹn gan-an, kí lo mọ̀ níbẹ̀ kọjá kíláàsì àti ilé oúnjẹ? Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, 1967 ni wọ́n kó wá sí Ifẹ̀. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán àwọn ilé ńlá yẹn. Wò ó, àjà òkè ń yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí òòrùn àti òjò má baà wọlé bá àwọn tó wà nísàlẹ̀. Lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òòrùn bá ti rọ̀, kí o wo bí òkè ṣe yí gbogbo rẹ̀ ká.

Bí o bá ń padà bọ̀, yà sí ọjà, kí o ra iṣu tuntun àti ọsàn. Dúró ti ìyá ọlọ́sàn, kó fi abẹ bó ọsàn náà níṣojú rẹ, kí èèpo rẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ láìjá, kó gé orí rẹ̀ fún ọ, kí o mu ún níbẹ̀. Mo kọ̀ kí o máa ra omi ọsàn inú páálí ní àsìkò tí ọsàn pọ̀ tó báyìí.

Bí òjò bá sì dá dáadáa, kí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó wà nílé níbí gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí omi Olúmirin tó ń já wálẹ̀ lórí àpáta ní Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà. Omi òjò ti kún un báyìí, ariwo rẹ̀ nìkan tó ìwòsàn fún ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Àpáta ibẹ̀ ń yọ̀, bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kí o wọ̀. Má dá lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lórí òkè.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú mi pariwo. Àwọn ọmọ àbúrò mi ń bọ̀ láti òkè òkun ní Kérésìmesì, wọn ò tíì dé Ifẹ̀ rí láyé wọn. Mo ti sọ fún wọn pé ìwọ ni yóò mú wọn yí ìlú ká, torí náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn in láti Sátidé yìí.