Ta Ló Ni Ọyẹ́?

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Ọ̀pẹ ni, ní Ìnísà. Ìyá kan tí mo lọ kí ń sá gbodo sórí páànù lẹ́yìnkùlé, rédíò rẹ̀ wà lórí àpótí, ìròyìn ojú ọjọ́ ń lọ lọ́wọ́. Ohùn ọmọkùnrin tó ń kà á já gaara. Ó ní: "Ní ọ̀sẹ̀ yìí, a ó ní ọyẹ́ díẹ̀, ojú ọjọ́ yóò sì jẹ́ tútù ní òwúrọ̀."

Ìyá gbójú sókè. "Ọmọ mi, ta ló ni ọyẹ́ tí wọ́n láwọn ó ní in?"

"Màmá, ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé ọyẹ́ máa mú."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síbí. Orúkọ ohun ojú ọjọ́ kò ṣòro fún wa, ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń bọ́ lẹ́nu wa. Òjò ń rọ̀. Ìrì ń sẹ̀. Oòrùn ń ràn, bó bá le jù, ó ń mú. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ìjì ń jà, àrá ń sán, mànàmáná ń kọ. Ọyẹ́ ní tirẹ̀, ó ń dé, ó ń fẹ́, ó ń mú. A kì í ní in. Bẹ́ẹ̀ ni òjò kì í "wáyé", gẹ́gẹ́ bí mo ṣe tún ń gbọ́ ọ báyìí pé "òjò yóò wáyé". Ìpàdé ló ń wáyé, ìdìbò ló ń wáyé. Ní ti "yóò jẹ́ tútù", ọ̀rọ̀ ìṣe ni "tutù" fúnra rẹ̀, kò bẹ "jẹ́" lọ́wẹ̀. Ojú ọjọ́ yóò tutù, ó tán.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe wọ̀nyí gbé èrò àwọn baba wa ró. Lójú wọn, ojú ọjọ́ ló ń ṣe èèyàn, èèyàn kọ́ ló ń ṣe ojú ọjọ́. Òtútù ń mú mi. Oòrùn ń pa mí. Òjò pa mí lọ́nà oko. Òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù a máa sọ pé "mo tutù" nígbà tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín, ẹ tún un ṣe fún un jẹ́jẹ́: oníwà pẹ̀lẹ́ là ń pè ní ẹni tó tutù. Òtútù ló ń mú un.

Ọyẹ́ àti òtútù kì í sì í ṣe ohun kan náà. Afẹ́fẹ́ ni ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Púpọ̀ nínú eruku tó ń gbé bọ̀ ló ń ti Bodélé wá, ilẹ̀ kòtò kan ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi jáde pẹ̀lú agbára. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá ayé àtijọ́ ni ibẹ̀, omi rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́. Eruku tí ìyá ń gbọ̀n kúrò lára gbodo rẹ̀ ní Ìnísà lè jẹ́ ilẹ̀ adágún tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí. Ọyẹ́ ló ń la ètè, tó ń mú kí ara funfun títí a ó fi wá òrí pa á. Òun náà ló ń mú gbodo gbẹ kíákíá, kó má bu.

Òtútù olómi, ti àárín ìgbà òjò, ni ọ̀gìnnìtìn. Ìkíni wa ya méjèèjì sọ́tọ̀: "ẹ kú ọ̀gìnnìtìn" la fi ń kí ara wa nígbà tí òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, "ẹ kú ọyẹ́" la ń sọ nígbà tí aṣọ ń gbẹ kó tó kan okùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìròyìn ojú ọjọ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí i. "Oye ti de" tí mo rí nínú ìwé kan lè jẹ́ oyè, ó lè jẹ́ òye, ó lè jẹ́ ọyẹ́. Ẹ má sì pe eruku ní àwọsánmà. Inú àwọsánmà ni òjò ti ń rọ̀. Ti ọyẹ́, kùrukùru ni, tàbí kí ẹ sọ pé ojú ọ̀run rí bàìbàì. Nígbà tí NiMet, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, bá ní eruku ọyẹ́ nípọn, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ojú kò ríran ju 1,000 mítà lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ṣòroó sọ lágbègbè wa, nítorí pé afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ojú ọ̀run: ti òkun tó lómi nínú, àti ti aṣálẹ̀. Wọ́n á máa ti ara wọn síwá sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí òjò fi tún lè rọ̀ lẹ́yìn tí ọyẹ́ ti kan ilẹ̀kùn. Àrọ̀kúrọ̀ ni òjò ìparí bẹ́ẹ̀, bí àkọ́rọ̀ ṣe jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àrọ̀kúrọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ ìtàn wa kò jìnnà sí irú òjò náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Bélú, 1878, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àtàwọn tó tì í lẹ́yìn ní Ìkìrun, inú odò Ọ̀tìn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìlọrin tó ń sá já lù tí omi fi gbé wọn lọ. Já lu omi, Jálumi. Orúkọ ogun yẹn ń sọ fún wa pé bí ìgbà òjò ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀ tó, Ọ̀tìn ṣì lómi tó ń gbé èèyàn.

Ká ní èmi ni wọ́n gbé irú ìròyìn ojú ọjọ́ tí ìyá yẹn gbọ́ fún láti kà, bí mo ṣe máa kà á nìyí:

"Ẹ̀yin ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ẹ kú ọyẹ́ o. Ọyẹ́ máa mú láràárọ̀ láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú. Ojú ọ̀run máa rí bàìbàì, ẹ̀yin awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ọ̀fà, ẹ tanná ọkọ̀ yín, ẹ rọra sáré. Bó bá di ọ̀sán, oòrùn máa mú. Láti Ọjọ́bọ̀, afẹ́fẹ́ òkun lè borí, ìrì máa sẹ̀ lóru, àrọ̀kúrọ̀ kan sì lè rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ sá gbodo, ẹ kó o wọlé lálẹ́ Ọjọ́rú."