Ẹ̀rọ Ni, Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ̀

Ẹnì kan fi ìwé ìpolówó kan tí wọ́n tẹ̀ nítòsí Ọbaníkòró ní Ṣómólú, nílùú Èkó, ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀rọ̀ tó ń ṣe àmúga kẹ́kẹ́ wà fún títà.” Ẹ̀rín pa mí. Omi ìgbín ni ẹ̀rọ̀, ohun tútù tó ń tuni lára. Kẹ́kẹ́ ni ilà tí wọ́n ń ṣá fún ọmọ lójú láyé ọjọ́sí. Àmúga ẹ̀wẹ̀, orí tábìlì oúnjẹ ló ń gbé. Oníṣòwò tó fẹ́ ta irinṣẹ́ wá dà bí ẹni tó ń kiri oògùn ojú ilà.

Irin tó bá rọ̀ nínú iná ni alágbẹ̀dẹ ń rọ. Ara rọ, olóhùn àárín, ni ẹ̀rọ ti wá. Ní ti àmúga, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní fọ́ọ̀kì bí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ti ń pè é, ká sì pe páìpù méjèèjì tó gbá táyà iwájú mú ní ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì.

“Ṣe” yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ní ilé iṣẹ́ fọ́ọ̀kì, ẹ̀rọ kan á fún ìdí páìpù irin títí yóò fi tín-ín-rín. Òmíràn á tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀. Wọ́n á há gbogbo rẹ̀ mọ́ irin ìdìmú kó má baà wọ́, wọ́n á fi idẹ jó o pọ̀, torí idẹ á ti yọ́ kí irin tó yọ́, wọ́n á sì dá orí rẹ̀ lu fún bíréèkì. Èwo ni “ṣe” níbẹ̀? Bó bá jẹ́ èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ ń tà, ẹ kọ “ẹ̀rọ tó ń tẹ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì”. Ṣómólú tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tọ̀sán-tòru kò yẹ kó ṣi tẹ̀ lò!

Tẹ̀ á di tẹ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: a tẹ irin, a tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni lù: alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ “lù irin” kò gbọ́ òwe náà dáadáa.

Kí ẹ tún kẹ́kẹ́ kọ sí kẹ̀kẹ́ nìkan pàápàá kò tó. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Ṣómólú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ẹni tó bá ní òun ń wá kẹ̀kẹ́ ní Ọbaníkòró, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń wá, èyí tó jẹ orúkọ Buba Marwa, ológun tó ṣàkóso Èkó láti 1996 sí 1999. Ẹ kọ “kẹ̀kẹ́ ológeere”. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, awakọ̀ Marwa ni yóò kọ́kọ́ pè yín, tí yóò máa bèèrè iye tí ṣọ́ọ̀kì iwájú jẹ́.