Nọ́ńbà Ìgbéjáde Ètò Kọ̀ǹpútà: Òǹkà Iye Ni Tàbí Òǹkà Ipò?

Kí a gbà pé olùkọ́ kan ní Ìkòròdú kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣírò máàkì ìdánwò, tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ sì ń lò ó. Ó tún àṣìṣe inú 2.9 ṣe, ó fi iṣẹ́ tuntun kún un, ó sì fi 2.10 ránṣẹ́. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ náà rántí ẹ̀kọ́ desímà pé 2.10 kéré sí 2.9, ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó yege lè di ẹni tí ó fìdí rẹmi.

Ẹ̀rọ pàápàá a máa ṣi nọ́ńbà yìí kà. Nígbà tí èdè Python kúrò ní 3.9 ti ọdún 2020, tí ó bọ́ sí 3.10 ní ọdún 2021, bí a bá kọ 3.10 sínú fáìlì YAML láìfi àmì àyọlò sí i, 3.1 ni ẹ̀rọ ń kà á sí.

Àmì ìdánudúró inú nọ́ńbà wọ̀nyí kì í ṣe ti desímà. Ó kàn ń ya òǹkà sọ́tọ̀ ni. Nínú ìlànà Semantic Versioning tí Tom Preston-Werner kọ, òǹkà mẹ́ta ni ó wà. Àkọ́kọ́ ń pọ̀ sí i bí ìyípadà bá ba ìlò àtẹ̀yìnwá jẹ́. Èkejì, bí a bá fi iṣẹ́ kún un láìba ìlò náà jẹ́. Ẹ̀kẹta, bí a bá tún àṣìṣe ṣe. Bí òǹkà iwájú bá yí, ti ẹ̀yìn yóò padà sí òdo.

Òǹkà ipò ni ó yẹ kí Yorùbá fi pè é. Kò sí ọmọdé tí yóò sọ pé ọmọ kẹwàá ni ẹ̀gbọ́n ọmọ kẹsàn-án. Nítorí náà, 2.10.3 ni “ìgbéjáde kejì, àfikún kẹwàá, àtúnṣe kẹta”, 3.0.0 ni “ìgbéjáde kẹta, láìní àfikún, láìní àtúnṣe”. “Ẹ̀dà” kò tó fún “ìgbéjáde”, nítorí pé ènìyàn mẹ́wàá lè ní ẹ̀dà mẹ́wàá ohun kan náà.

Ubuntu 24.04 ń tọ́ka sí oṣù kẹrin ọdún 2024. Ìlànà yìí dára láti mọ ọjọ́ orí ètò, ṣùgbọ́n kò sọ fún ará Ẹ̀pẹ́ bóyá fáìlì máàkì rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ yóò ṣí. TeX ti Donald Knuth yàtọ̀ pátápátá: 3.14, 3.141, tí ó ń sún mọ́ pai díẹ̀díẹ̀. Desímà gidi ni èyí, a kò sì lè fi òǹkà ipò pè é.